Ta ló ń tẹ́tí sí "Seen and Not Seen" dé ìparí?

Onífọ́tò Òkè-Àró

Ẹ kú ilé o, gbogbo olólùfẹ́ orin. Ìbéèrè kan wà tí mo ti ń gbé kiri láti ọdún 1991. Àwọn tó mọ Talking Heads, ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà yẹn, ní Àkúrẹ́ yìí kò pọ̀, àwọn tó sì mọ̀ wọ́n, "Once in a Lifetime" ni wọ́n mọ̀. Bí a bá yí àwo *Remain in Light* sí ojú kejì, orin yẹn ló ń ṣáájú. Wọ́n á mi orí sí i, wọ́n á gbọ́ "Houses in Motion" tó tẹ̀ lé e, tó bá wá kan ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á dìde lọ bu omi mu.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn ni tèmi. "Seen and Not Seen" lorúkọ rẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin. David Byrne, tó ń kọrin fún ẹgbẹ́ náà, kò kọrin níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ló ń sọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka lẹ́tà ẹlòmíì sókè. Ohùn kan bí àtẹ́wọ́ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ìlù sì ń yí po lójú kan náà, kò kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Yába ní ìlú Oǹdó ni mo ti kọ́ iṣẹ́ fọ́tò. Agùnbánirọ̀ kan tó ń kọ́ni nítòsí wa fẹ́ràn ọ̀gá mi púpọ̀. Nígbà tó sìnrú ìlú tán tó ń padà sílé, ó gbé páálí àwo kan fún un. Hàíláìfù ló pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí ojú èèyàn mẹ́rin wà lára rẹ̀, tí wọ́n fi pupa bo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀gá mi gbé èèpo àwo yẹn kọ́ ara ògiri, láàárín fọ́tò àwọn ìyàwó àti ti àwọn olóyè. Àwọn oníbàárà á béèrè pé egúngún wo nìyí. Kò dá wọn lóhùn rí. Iṣẹ́ wa ni kí ojú hàn kedere, òun wá gbé ojú tí wọ́n bò sáàárín wọn.

Nígbà náà, kí kọ̀ǹpútà tó dé, pẹ́ńsù la fi ń tún ojú ṣe. A ó gbé nẹ́gétíìfù ka orí gíláàsì tí iná wà lábẹ́ rẹ̀, a ó gbẹ́ pẹ́ńsù kó mú bí abẹ́rẹ́, a ó wá máa tò ó sí i fín-ín-fín-ín. Ibi tí pẹ́ńsù bá kàn á mọ́lẹ̀ nínú fọ́tò tí a bá tẹ̀. Ẹni tó bá ní àpá tí kò fẹ́ kó hàn, ojú àpá náà la ó kùn, á sì parẹ́.

Ọkùnrin kan wá lọ́jọ́ kan. Ilà Oǹdó wà lójú rẹ̀, ọ̀kan gbọọrọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, bíi ti bàbá mi gẹ́lẹ́. Ó ní iṣẹ́ kan lÉkòó ni òun fẹ́ fi páásípọ́ọ̀tù náà wá, ó ní ká bá òun pa ilà náà rẹ́. Ọ̀gá mi gbé e fún mi. Àwo yẹn ló ń dún. Mo ti kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún tán kí n tó mọ̀ pé etí mi ti wà lọ́dọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ nínú orin náà.

Ohun tí wọ́n ń sọ rèé, fún ẹ̀yin tí ẹ ò tíì gbọ́ ọ. Ọkùnrin kan ń wo ojú àwọn èèyàn nínú fíìmù, lórí tẹlifíṣọ̀n, nínú ìwé. Ó wá ń rò ó pé bí òun bá fi ojú kan tó wu òun sọ́kàn, tí òun ò jẹ́ kó kúrò níbẹ̀, imú òun á máa yí díẹ̀díẹ̀, ètè á yí, iwájú orí á yí, títí òun á fi jọ èyí tó wà lọ́kàn òun. Ó lè gba ọdún mẹ́wàá. Ó ní bóyá bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe nìyẹn, tí wọn ò kàn sọ. Ó ní àwọn kan ṣì í yàn, ojú tí wọ́n padà ní kò bá wọn tan rárá. Àwọn mìíràn dé ìdajì ọ̀nà, wọ́n bá yí ọkàn padà. Lẹ́yìn náà ló wá ń rò ó bóyá òun náà ti ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pin.

Mi ò lè kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Bàbá mi ni mò ń rí lórí gíláàsì yẹn, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ń pa á rẹ́. Mo gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Ọ̀gá mi kò bá mi wí. Ó gba nẹ́gétíìfù náà, ó ní òun á parí rẹ̀, ó sì gbé abẹ́rẹ́ àwo padà sẹ́yìn kí orin náà tún bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè mi rèé. Lójú yín, ṣé ojú ọkùnrin inú orin yẹn yí ni, àbí kò yí? Títí ọ̀gá mi fi kú, ó ní ó yí. Èmi ní kò yí, èrò lásán ló ń rò. Kí ló sì dé tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ orin yìí?

Alákòójọ Ìjàpọ̀

Bùrọ̀dá Onífọ́tò, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ pẹ́ńsù yẹn ló gbé mi dìde lọ wá àwo náà lálẹ́ àná, aago méjì òru ti lù kí n tó sùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tẹ́ ẹ bi kẹ́yìn. Oṣù kẹwàá ọdún 1980 ni àwo yìí jáde, orin mẹ́jọ péré ló wà nínú rẹ̀. "Once in a Lifetime" àti "Houses in Motion" ni wọ́n yọ jáde lọ́tọ̀ fún rédíò, àwọn méjèèjì ló sì jókòó síwájú tiyín ní ojú kejì. Kó tó kan tiyín, ẹni tó ń jó ti jó tán. Nígbà tí wọ́n wá ṣe *Stop Making Sense* lọ́dún 1984, fíìmù tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ wọ́n, tiyín kò sí níbẹ̀. Orin tí kò ní ègbè, tí kò dé rédíò, tí kò dé fíìmù, ẹnu ta ni yóò gbà jáde?

Ṣùgbọ́n ẹ ní ìlù rẹ̀ ń yí po lójú kan náà. Ọ̀dọ̀ wa ló ti wá! *Afrodisiac* tí Fela ṣe lọ́dún 1973 ni David Byrne àti Brian Eno, ẹni tó darí iṣẹ́ náà, fi ṣe àwòkọ́ṣe. Wọ́n lọ sí sítúdíò Compass Point ní Nassau, ní Bahamas, wọn ò gbé orin tí wọ́n ti kọ tán dání. Nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù, Tina Weymouth á mú gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, Chris Frantz á wà nídìí ìlù, Jerry Harrison á mú tirẹ̀. Kálukú á mú ọ̀nà kan ṣoṣo, á dì í mú láìyà kúrò níbẹ̀. Wọ́n á gbé òmíràn lé e, wọ́n á tún gbé òmíràn lé ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló dé kẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Fela, ẹ rántí bí ìlù àti fèrè ṣe máa ń gbóná pẹ́ kí bàbá yẹn tó la ẹnu. Nígbà tí wọ́n tún *Remain in Light* gbé jáde lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọ́n fi àwọn orin tí wọn ò parí sí i, ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ "Fela's Riff". Wọn ò fi ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ pa mọ́.

Ẹ̀yin ará Oǹdó, tiyín tún wà níbẹ̀. Chris Blackwell tó dá sítúdíò yẹn sílẹ̀ náà ló ni Island, ilé iṣẹ́ tó gbé *Juju Music* King Sunny Adé jáde lọ́dún 1982. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà kọjá, ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀.

Ní ti ojú tó yí àbí tí kò yí, mi ò rò ó rí, mi ò sì fẹ́ dáhùn wéréwéré. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orin tí wọ́n pa tì lẹ́ ń wá, èyí tó tẹ̀ lé tiyín gan-an, "Listening Wind", ni èmi ì bá mú. Ọkùnrin kan ń wo àwọn Amẹ́ríkà tó kún ilẹ̀ rẹ̀, ìbínú rẹ̀ kò sì pariwo rárá, afẹ́fẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Peter Gabriel, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún un kọ lọ́dún 2010, ìyẹn ni pé ó rí ẹni rántí rẹ̀. Tiyín kò rí.

Ọmọ Ẹkímògún

Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì nítorí yín. Èmi ò rí orin níbẹ̀. Kí èèyàn kàn máa sọ̀rọ̀ lórí ìlù, tí kò gbé ohùn sókè, tí kò sọ ọ́ kalẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kí n jókòó tì í gbọ́dọ̀ kọrin fún mi. "The Great Curve" tó wà ní ojú kìíní, ìyẹn lorin.

Onífọ́tò Òkè-Àró

Àbúrò, mi ò bínú. "The Great Curve" dára, mi ò bá ẹ jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n ti ń ké ewì ní rédíò láràárọ̀ la dàgbà sí. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún akéwì pé kó kọrin ká tó jókòó tì í. Bí Byrne bá gbé ohùn sókè níbẹ̀, irọ́ ni yóò dà. Ohun tí èèyàn ń rò nípa ojú ara rẹ̀, èèyàn kì í pariwo rẹ̀.

Alákòójọ, ẹ ṣé púpọ̀. Ọ̀rọ̀ pé wọn ò gbé orin dání wọ sítúdíò, mo fẹ́ràn ìyẹn.

Ìyá Oníkírìímù, Ọjà Ọba

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá Onífọ́tò. Mi ò mọ àwọn òyìnbó yẹn rí. Ọmọ mi obìnrin ló ka ọ̀rọ̀ yín sí mi létí ní ṣọ́ọ̀bù, ó wá fi fóònù gbé orin náà, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Mo ní kó tún un gbé. Ẹ̀ẹ̀mẹta la gbọ́ ọ, àwọn oníbàárà dúró, mo ní kí wọ́n ní sùúrù.

Kírìímù ni mò ń tà, ó ti lé lógún ọdún. Ohun tí orin yẹn ń sọ, ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. Ọmọbìnrin á wọlé, á ṣí fóònù, á fi ojú ẹnìkan hàn mí, á ní, "Mọ́mì, èyí tó máa jẹ́ kí n rí báyìí ni kẹ́ ẹ fún mi." Ti ọkùnrin inú orin yín gba ọdún mẹ́wàá. Tiwọn, wọ́n fẹ́ kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo tà á fún wọn. Mi ò ní purọ́. Ó tó ọdún mẹ́fà báyìí tí mo ti fi èyí tó ń bó ara sílẹ̀, nítorí ọmọ kan tí mo mọ̀ láti kékeré. Ó ń rà á, ó ń rà á, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀kọ tí epo kán sí, oríkèé ọwọ́ rẹ̀ sì dúdú bó ṣe wà. Ìyá rẹ̀ ti oko wá lọ́jọ́ ọjà kan, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, ó wá ń bi mí pé ṣé mo ti rí ọmọ òun lónìí. Ọmọ náà dúró síbẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀. Èmi náà ò lè sọ ọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀ ló tó yíjú.

Ẹ wò ó, ọ̀gá yín ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ọkùnrin yẹn yí. Ẹni tí ojú rẹ̀ wà bó ṣe wà kì í bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA

Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ káàárọ̀, mà. Ọ̀rọ̀ yín ò jẹ́ kí n ka ìwé mi.

Mo fẹ́ fi ohun kan kún ti Alákòójọ, ẹ jọ̀ọ́ sà. Orin náà ti rí ẹni rántí rẹ̀. Angélique Kidjo, olórin ọmọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tún gbogbo àwo yẹn kọ lọ́dún 2018, mẹ́jọ̀ọ̀jọ, "Seen and Not Seen" náà wà níbẹ̀. Tony Allen, tó ń lùlù fún Fela nígbà *Afrodisiac*, wà lára àwọn tó lùlù fún un. Ìlù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa, ọwọ́ kan náà ló tún lù ú padà. Ó sì tó ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí bàbá yẹn kú, ní 2020.

Ní ti èèpo àwo tó wà lára ògiri ọ̀gá yín, Tina Weymouth àti Chris Frantz ló bá àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà, ṣe é. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi kun pupa yẹn bo ojú wọn. Ẹ rò ó wò, sà: ẹ̀yin ń fi pẹ́ńsù bo ojú ní Yába, àwọn náà ń fi kọ̀ǹpútà bo tiwọn lọ́hùn-ún. Byrne sì ti ń ka iṣẹ́ Robert Farris Thompson nígbà náà, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣèwádìí lórí iṣẹ́ ọnà Yorùbá, tó kọ̀wé nípa ìtutù, bí ojú ère wa ṣe máa ń pa rọ́rọ́ bí ara ère náà tilẹ̀ ń jó. Nígbà tí mo tún gbọ́ ohùn tí Byrne fi sọ̀rọ̀ nínú orin yẹn, ìtutù yẹn ló wá sí mi lọ́kàn.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an rèé. Mo túmọ̀ orin náà fún ìyá mi àgbà nílé, ní Ọbá-Ilé. Nínú gẹ̀ẹ́sì, kò sí ibi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti ní "èmi". Ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíì ni. Ṣùgbọ́n nínú Yorùbá, "ó" lásán ló di. Ó ń rò ó. Ó ń wo ojú. Ìyá àgbà dá mi dúró, wọ́n ní, "Ta ni ó? Ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin?" Mo ní ọkùnrin ni. Wọ́n ní àwọn rò pé obìnrin ni látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wá ka ọ̀rọ̀ ìyá oníkírìímù lówùúrọ̀ yìí, mo rí i pé "ó" yẹn gba ọmọ tó dúró ní ṣọ́ọ̀bù wọn náà.

Wọ́n tún pa òwe kan fún mi níbi tí orin ti ní ìdí nìyí tí èrò tí èèyàn kọ́kọ́ ní nípa ẹnìkan fi máa ń jóòótọ́. Wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, pé ṣé ohun tí òyìnbó fẹ́ sọ kọ́ nìyẹn?

Alákòójọ Ìjàpọ̀

Àbúrò, o ṣé. Mo ti gbàgbé ti Kidjo pátápátá. Mo gba tiyín báyìí, Bùrọ̀dá Onífọ́tò. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Àtẹ́wọ́ yẹn ò kúrò létí mi mọ́, mo ń gbọ́ ọ bí mo bá ń wakọ̀ kọjá Alágbàká.

Onífọ́tò Òkè-Àró

Ìyá Oníkírìímù, mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo sì ti ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà díẹ̀. Ẹ kú sùúrù. Ẹ sọ fún ọmọ yẹn, bó bá fẹ́ ya fọ́tò, kó wá, mi ò ní gbowó.

Nítorí yín ni mo ṣe lọ tú àwọn fáìlì mi. Ìyá kan wà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ya páásípọ́ọ̀tù láti ọdún 1998. Mo tẹ́ márùn-ún sórí tábìlì. Ní 1998, ojú ẹni tó ń retí nǹkan ni. Nínú èyí tó kẹ́yìn, ojú olórí ilé ìwé ni, kí wọ́n tiẹ̀ tó fi í jẹ olórí ilé ìwé. Ọjọ́ ogbó nìkan kọ́ nìyẹn, mo mọ ohun tí ogbó ń ṣe sí ojú, iṣẹ́ mi ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti gba ọ̀nà ibòmíì lọ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń jiyàn pé ojú ọkùnrin inú orin yẹn kò yí, ẹ̀rí tó yàtọ̀ sí i sì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi láti ọjọ́ yìí.

Mo tún ṣí páálí tí ọmọ ọ̀gá mi kó fún mi lẹ́yìn ìsìnkú. Nẹ́gétíìfù ló kún inú rẹ̀, wọ́n wà nínú àpòòwé, ọ̀gá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọjọ́ sí wọn. Mo wá ti ọdún 1991. Mo rí ọkùnrin yẹn. Mo gbé e sójú iná, mo ń wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún tí mo kùn, mi ò rí ojú pẹ́ńsù kankan. Mo mú gíláàsì awò wá. Ọ̀gá mi ti nu tèmi kúrò, kò sì fọwọ́ kan òsì. Ilà méjèèjì ló wà níbẹ̀, gbọọrọ gbọọrọ, bí wọ́n ṣe wà lójú ọkùnrin náà lọ́jọ́ tó jókòó síwájú wa.